Kì í ṣe awakọ̀ tírélà nìkan lẹ lè pè lẹ́jọ́
Wọ́n ń tan ọ̀rọ̀ kan kiri pé bí awakọ̀ tírélà tó kọlù yín kò bá lówó lọ́wọ́, kí ẹ gba kámú. Irọ́ ni. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, bí awakọ̀ bá wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí jàǹbá ṣẹlẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́ lè jẹ́jọ́. Bí ẹrù tí wọn ò so dáadáa ló já, ọ̀rọ̀ kan àwọn tó dì í. Bí búrèkì ló kọ̀, ẹ wádìí ẹni tó tún un ṣe kẹ́yìn.

Ẹ̀rí ló máa ń tètè pòórá. Ọ̀pọ̀ tírélà ní ẹ̀rọ tó ń ka eré tí ọkọ̀ ń sá àti ìgbà tí awakọ̀ tẹ búrèkì, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún ọkọ̀ náà gbé sójú títì, àkọsílẹ̀ yẹn lè pa rẹ́. Ní Amẹ́ríkà, oṣù 6 péré ni òfin ní kí ilé-iṣẹ́ tọ́jú àkọsílẹ̀ wákàtí iṣẹ́ awakọ̀. Kí lọ́yà yín tètè kọ̀wé sí wọn pé wọn ò gbọdọ̀ pa ohunkóhun rẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kánjú buwọ́ lu ìwé pé ẹ ti gba owó, ọ̀rọ̀ ti parí, tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò bá gbé wá bá yín lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí dókítà bá wá sọ lẹ́yìn náà pé ẹsẹ̀ yín nílò iṣẹ́ abẹ míì, àpò yín ni owó rẹ̀ yóò ti jáde.