Àdán ọgbà Ifásítì Ifẹ̀ àti dìgbòlugi

Ẹ̀yin ará Ifẹ̀, wọ́n ń pín in kiri pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti fi hàn pé gbogbo àdán ọgbà Ifásítì ló ní dìgbòlugi. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Èròjà tí ara fi ń bá kòkòrò àrùn jà ni irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ń wá. Àdán tó ní in lè ti bá kòkòrò náà pàdé rí, kó sì ti ṣẹ́gun rẹ̀. Ọpọlọ ẹranko ni wọ́n ń yẹ̀ wò kí dìgbòlugi tó dájú.

Lóòótọ́, wọ́n rí ìbátan kòkòrò dìgbòlugi lára àdán l'Ékòó ní 1956. Ìbátan ni o. Nínú èèyàn 100 tó bá ní dìgbòlugi, ajá ló ń kó o ran nǹkan bí 99. Ó wà lójú ìwé WHO, àjọ ìlera àgbáyé.

Bí àdán bá géni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àtomi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ tètè lọ ọsibítù.