Àtúnṣe: Owó nìkan kò sọ ìwé di ti gbajúmọ̀

Wọ́n ń pín in kiri lórí WhatsApp n'Íbàdàn pé bí gbajúmọ̀ bá ti sanwó fún ẹni tó bá a kọ ìtàn ayé rẹ̀, ẹ̀tọ́ ìwé náà ti di tirẹ̀. Irọ́ ni. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ń pè ní Copyright Act 2022, ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ ni ẹ̀tọ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀, kò sì lè gbé e fún ẹlòmíràn láìsí àkọsílẹ̀. Àlàátì báńkì ò tó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá èèyàn kọ ìtàn ayé, ẹ fọwọ́ sí àdéhùn kí ẹ tó gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Kí ó sọ ẹni tó ni ẹ̀tọ́, orúkọ tó máa wà lẹ́yìn ìwé, ọ̀dọ̀ ẹni tí ohùn náà máa wà, àti iye ìgbà tí wọ́n lè ní kí ẹ tún un kọ. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù: àwọn ọmọ Alhaji tí ẹ ń kọ ìtàn rẹ̀ á ka orí kẹta, wọ́n á ní kí ẹ yọ ìyàwó kejì kúrò.

Ẹ pín owó sí mẹ́ta: ìbuwọ́lùwé, ìdajì iṣẹ́, ìparí. Ẹ má gbà kí ìkẹta dúró de ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ ìwé o. Wọ́n lè sún un síwájú títí.