Ilé tó dàgbà jù ní Edenton, àti èyí tí kò sí mọ́

Edenton, ìlú kékeré kan ní North Carolina, lápá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà (USA). Ilé kan wà níbẹ̀ tí ẹni tó ń kọjá ò lè torí ẹ̀ yíjú. Ilé táwọn èèyàn ń rẹ́ǹtì ni. Ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ tú ògiri rẹ̀ láti tún un ṣe ni wọ́n tó kan ìtì igi tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́. Wọ́n ké sí àwọn onímọ̀. Àwọn yẹn dá ihò lu igi náà, wọ́n yọ ègé tín-ín-rín lára ẹ̀, wọ́n wá ń ka ìlà róbótó-róbótó inú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ọdún tí òjò bá rọ̀ dáadáa, ìlà á fẹ̀. Ọdún ọ̀dá, á súnkì. Wọ́n fi wé igi tí wọ́n ti mọ ọjọ́ orí ẹ̀, ọdún tí wọ́n gé e sì jáde: 1718 sí 1719. A ò tíì mọ ilé tó dàgbà jù ú lọ ní gbogbo North Carolina.

Ọgbọ́n yẹn wù mí, n ò parọ́. Àmọ́ tí mo bá dé Edenton, ilé ìyá àgbà Harriet Jacobs ni màá kọ́kọ́ béèrè.

Ẹrú ni Harriet, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí ní 1813. Ìyá ìyá rẹ̀, Molly Horniblow, ti gbòmìnira ní tiẹ̀, ó ń yan kìrákà (bisikíìtì gbígbẹ) tà, ó sì nílé lórí. Nígbà tí ìyà ọ̀gá pọ̀ jù, Harriet sá, wọ́n sì fi í pamọ́ sábẹ́ òrùlé ìyá àgbà yìí ní 1835. Fíìtì 9 ni ibẹ̀ gùn, ó fẹ̀ ní 7, ibi tó ga jù ò ju 3 lọ. Kò lè nàró. Ó fi irin dá ihò sára pákó, ibẹ̀ ló ti ń wo àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì nísàlẹ̀, kò sì gbọdọ̀ pè wọ́n. Ó lò tó ọdún méje níbẹ̀ kó tó wọkọ̀ ojú omi sá lọ ní 1842.

Ilé yẹn ti wó lọ. Pátákó ìjọba tó dárúkọ Harriet ló ṣẹ́ kù.

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn: "ilé tó dàgbà jù" ni gbogbo wa ń wá kiri, bíi pé ọjọ́ orí nìkan ló ń sọ ilé di nǹkan. Ẹ mú àlejò lọ wo ti 1718, kò burú (ilé onílé ni o, ẹ kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn). Lẹ́yìn náà, ẹ fi tépù wọn fíìtì 9 sí 7 sórí koríko, kẹ́ ẹ ní kó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ fún wákàtí kan péré.