Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò: ìgbà wo ló yẹ kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ èdè kejì?

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ń rántí tí wọ́n fi ń kánjú kọ́ ọmọ ní èdè kejì. Wọn ò jẹ̀bi, àmọ́ ìdajì òwe ni wọ́n gbọ́. Bó ṣe sọ ìgbà ló sọ iṣẹ́. Ẹni tó gé ẹ̀ka lẹ́ẹ̀kan tó sì bá tirẹ̀ lọ, bó ṣe wu ìrókò ni yóò ṣe hù.

Ká mú ti ìgbà ná. Etí ló ń kọ́kọ́ gbọ́n. Lọ́dún 1984, àwọn olùṣèwádìí méjì, Janet Werker àti Richard Tees, rí i pé àwọn ọmọ ọwọ́ tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nílé wọn ń dá àwọn ìró èdè Híńdì kan mọ̀ yàtọ̀ síra ní oṣù 6 sí 8. Nígbà tí wọ́n fi máa pé oṣù 10 sí 12, ọ̀pọ̀ wọn ò gbọ́ ìyàtọ̀ náà mọ́. Etí wọn ò dí o. Ìró tí wọ́n ń lò nílé ló gbájú mọ́. Nítorí náà, bí ẹnì kan nínú ilé bá gbọ́ èdè kejì dáadáa, kó ti máa fi bá ọmọ sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ìkómọ.

Sọ̀rọ̀ la wí, a ò ní kó gbé fóònù lé e lọ́wọ́. Lọ́dún 2003, olùṣèwádìí Patricia Kuhl àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn tó ń sọ Mandarin, èdè àwọn ará Ṣáínà, máa bá àwọn ọmọ oṣù 9 ṣeré ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ẹ̀mejìlá péré, ìṣẹ́jú 25 lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọmọ náà mọ ìró èdè yẹn. Àwọn tó wò ó nínú tẹlifíṣọ̀n ò rí nǹkan kan mú níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń wẹ ọmọ, ẹ fọwọ́ kan etí rẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ etí ní èdè tí ẹ fẹ́ kó kọ́, ká ní Yorùbá ni. Lọ́jọ́ kejì, ẹ bi í pé, "Etí dà?" Kí ẹ wá dákẹ́. Ẹ ka ení dé àrún nínú ọkàn yín kí ẹ tó bá a dáhùn, torí inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn lọmọ ti ń wá ọ̀rọ̀ náà. Bó bá fi èdè mìíràn dáhùn, ẹ má bá a wí, ẹ má sì fi ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ kàn dá a padà fún un: "Bẹ́ẹ̀ ni, etí nìyẹn," kí ọ̀rọ̀ sì máa lọ. Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni kí òbí tẹ̀ lé ọmọ lọ sínú èdè tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kò ní pẹ́ tí ọmọ yóò fi mọ̀ pé kò sídìí láti sọ èyí tó le.

Bó bá ń po èdè méjèèjì pọ̀, kò dààmú. Ọ̀rọ̀ tó bá tètè bọ́ sí i lẹ́nu ló ń lò. Bó bá sì dákẹ́ ní oṣù mélòó kan nílé ìwé tí wọ́n ti ń sọ èdè tuntun, ó ń gbọ́ ni. Lọ́mọ ọdún 2, ẹ ka ọ̀rọ̀ inú èdè méjèèjì papọ̀: bí gbogbo rẹ̀ ò bá tó 50, tí kò sì tíì máa so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, ẹ gbé e lọ bá dókítà. Yíyọ èdè kan kúrò kì í ṣe oògùn rẹ̀.

Ti kíláàsì yàtọ̀. Ìwádìí Carmen Muñoz ní Barcelona fi hàn pé, bí iye wákàtí bá dọ́gba, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ èdè tuntun nílé ìwé lọ́mọ ọdún 11 yára ju àwọn tó bẹ̀rẹ̀ lọ́mọ ọdún 8 lọ. Ọmọ kékeré nílò kí èdè máa ṣàn yí i ká lójoojúmọ́. Ọmọ ńlá ti lè kàwé, ó sì ń lóye òfin èdè. Wákàtí kan lọ́sẹ̀ fún ọmọ ọdún 4, orin àti eré ni, kò lè sọ ọ́ di ẹni tó gbọ́ èdè méjì.

Òbí tí kò gbọ́ èdè kejì dáadáa ńkọ́? Kó sọ tirẹ̀ fún ọmọ ní kíkún, pẹ̀lú àlọ́ àti òwe inú rẹ̀, kó sì wá ẹni tó gbọ́ èkejì tí yóò máa bá ọmọ náà ṣeré, kì í ṣe ẹni tí yóò máa bi í ní ìbéèrè ìdánwò.