Oríkèé ìbàdí àtọwọ́dá tó bàjẹ́ ṣe é pààrọ̀

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp pé oríkèé ìbàdí àtọwọ́dá kì í lò ju ọdún mẹ́wàá lọ, pé tó bá sì ti bàjẹ́, orí kẹ̀kẹ́ arọ ló kù. Irọ́ ni.

Ìwádìí tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé jáde lọ́dún 2019 fi hàn pé nǹkan bí 58 nínú 100 wọn ló ń lo ọdún 25. Àwọn kan tètè bàjẹ́ lóòótọ́: lọ́dún 2010, ilé-iṣẹ́ DePuy kó ASR, oríkèé ìbàdí onírin tó ń ṣe, kúrò lọ́jà, torí irin tó ń ha irin ń ba ẹran ara jẹ́.

Iṣẹ́ abẹ kejì, tí wọ́n fi ń pààrọ̀ èyí tó bàjẹ́, le ju ti àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Nígbà mìíràn, dókítà á la egungun itan kó tó lè yọ irin inú rẹ̀. Bí egungun bá ti jẹ, á fi egungun tí ẹlòmíràn fi tọrẹ dí i, á wá ki irin tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ bọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ kòkòrò àrùn ló wọ̀ ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sábà máa ń ṣe é: sìmẹ́ǹtì tí wọ́n po oògùn apakòkòrò mọ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ fi síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Àwọn ọ̀dọ́ tí àrùn foníkú-fọladìde ti pa orí egungun itan wọn wà lára àwọn tí irọ́ yìí lè mú kí wọ́n má ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ẹni tí wọ́n ti ṣe tiẹ̀, tí abẹ́ itan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn ún, kó lọ ya fọ́tò egungun. Kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ itan ọ̀hún fún un.