Ẹ Yé Wo Fíìmù Lójú Ọ̀nà Lọ́kọ́jà

Kí ni fíìmù ń wá níwájú ẹni tó di sítíárìn mú? Mo fẹ́ kí gbogbo dẹ́rẹ́bà tó ń ná Kàbà sí Lọ́kọ́jà dá mi lóhùn, àti àwọn tó ń gba Mọ̀pà àti Ìsánlú lọ sí Ẹ̀gbẹ̀, àti àwọn tó ń já sí Òmùò lọ́nà Èkìtì. Èrò wọkọ̀ kó lè dé ibi tó ń lọ ni. Ó sanwó, ó jókòó, ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Ẹ̀yin wá gbójú kúrò lọ́nà, ẹ ń wo bí ìyàwó ilé ṣe ń lé ìyá ọkọ rẹ̀ síta nínú fíìmù! Inú ń bí mi, mi ò sì ní fi bò.

Ó ti di àṣà báyìí. Tókunbọ̀ á dé, rédíò tó bá a wá kò ní àbùkù kankan, ohùn rẹ̀ já gaara, wọ́n á ní ó ti di ti àtijọ́. Wọ́n á yọ ọ́ dànù, wọ́n á fi ẹ̀rọ Android olójú gbàǹgbà rọ́pò rẹ̀, èyí tó ń ṣe gbogbo ohun tí fóònù ń ṣe. Láti ọjọ́ náà lọ, dẹ́rẹ́bà ò wakọ̀ mọ́. Ó ń wo fíìmù, ọkọ̀ ń gbé e lọ.

Lọ́jọ́ kan, Sienna ni mo wọ̀, èrò kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. A ti fi Obájáná sílẹ̀, tírélà sìmẹ́ńtì wà níwájú wa, òmíràn ń bọ̀ lódìkejì. Apá kìíní fíìmù tí dẹ́rẹ́bà ń wò parí. Ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó ń fi ìka fa orúkọ fíìmù sókè sódò, ó ń wá apá kejì. Ọkọ̀ ń rọra fì sápá òsì, ó ń lọ bá ẹni tó ń bọ̀, ọ̀gbẹ́ni náà ò gbójú sókè. Ìyá àgbà kan tó jókòó lẹ́yìn mi ló figbe ta: "Ọmọ mi, wo ọ̀nà!" Ìgbà náà ló tó já sítíárìn padà. Tírélà yẹn fun fèrè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, atẹ́gùn rẹ̀ mi ọkọ̀ wa jìgìjìgì. Ẹ mọ ohun tó sọ? "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀, kì í ṣe òní ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí." Ìka rẹ̀ sì padà sórí ẹ̀rọ náà. Ó padà sí i! Kò sọ pé "ẹ má bínú," kò pa á. Èyí tó wá dùn mí wọ egungun ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níwájú, tó ń fi ìka hàn án pé, "Bọ̀ọ̀dá, ìyẹn nìyẹn, apá kejì nìyẹn." Ẹ̀yin èrò náà jẹ̀bi o. Ẹ ò lè máa bá a yan fíìmù kí ẹ tún máa ké "Jésù" nígbà tó bá fẹ́ gbé yín kọlu tírélà.

Ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ èrò ò mọ̀. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyẹn gan-an mọ̀ pé kò yẹ kí fíìmù máa hàn sí ẹni tó ń wakọ̀. Lára àwọn wáyà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó yẹ kí wọ́n so mọ́ ibi hándíbíréèkì. Bí wọ́n bá so ó bó ṣe yẹ, àfi kí hándíbíréèkì wà lókè kí àwòrán tó lè jáde. Bí dẹ́rẹ́bà bá ti sọ ọ́ kalẹ̀ kó lè máa lọ, àwòrán á kú, ohùn nìkan lá kù. Ohun tó dára ni wọ́n ṣe síbẹ̀. Kí wá ni ríwáyà ń ṣe sí i? Á so wáyà náà mọ́ irin ara ọkọ̀, kí ẹ̀rọ lè máa rò pé hándíbíréèkì wà lókè lọ́sàn-án lóru. Ojú mi báyìí ni ọ̀kan ṣe ń sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé, "Ọ̀gá, mo ti já ìdènà rẹ̀ fún yín, ẹ lè máa wò ó bẹ́ ẹ ṣe ń sáré." Bí ẹni tó ṣoore ló ṣe sọ ọ́, oníbàárà sì dúpẹ́, ó tún fún un lówó lé e. Ríwáyà, ṣé ìwọ náà ò ní wọ ọkọ̀ yẹn lọ́jọ́ kan? Ṣé ìyá tìrẹ kì í lọ sí Lọ́kọ́jà ni?

Wọ́n á ní, "Mo kàn ń gán-án-ní rẹ̀ ni." Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò gígán-án-ní yẹn. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan ń lọ nǹkan bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Bí ẹ bá gbójú kúrò fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, ọkọ̀ ti rìn ju pápá bọ́ọ̀lù lọ láti ojúlé kan dé ìkejì, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó ń wo ibi tó ń lọ. Lójú ọ̀nà tiwa! Níbi tí kòtò wà, tí ọ̀kadà ń já jáde láti inú igbó, tí màlúù ń dá ọ̀nà kọjá, tí tírélà tó bàjẹ́ ń dúró sí láìtan iná, ewé tútù nìkan ni wọ́n já sẹ́yìn rẹ̀ fún àmì.

Àwọn tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀n ọ́n, wọ́n ti sọ ọ́. Ní 2013, àjọ NHTSA tó ń mójú tó ààbò ojú ọ̀nà ní Amẹ́ríkà fi ìlànà lélẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe ọkọ̀. Wọ́n ní ohun yòówù tí awakọ̀ bá máa fọwọ́ kàn nínú ọkọ̀, kò gbọdọ̀ gba ojú rẹ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá 2 lọ lẹ́ẹ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju 12 lọ. Fídíò tí kò bá kan ọ̀ràn ọkọ̀ wíwà, wọ́n ní kó má hàn sí awakọ̀ rárá bí ọkọ̀ bá ń rìn. Ní 2022, ìwé ìròyìn ọkọ̀ kan ní Sweden, Vi Bilägare, kó ọkọ̀ tuntun mọ́kànlá àti ọkọ̀ àtijọ́ kan lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú. Volvo V70 ti ọdún 2005 ni ọkọ̀ àtijọ́ náà, bọ́tìnì gidi ló kún iwájú rẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn awakọ̀ yí rédíò sí ibi kan, kí wọ́n fi kún ooru ọkọ̀, kí wọ́n dín iná dáṣíbọ́ọ̀dù kù, àti àwọn nǹkan kéékèèké bẹ́ẹ̀, lórí eré kìlómítà 110 ní wákàtí kan. Ìṣẹ́jú-àáyá 10 ni Volvo yẹn fi parí rẹ̀, ó rin mítà 306. Èyí tó ṣe é burú jù nínú àwọn tuntun olójú gíláàsì, tí à ń fi ìka tẹ̀, lo ìṣẹ́jú-àáyá 44.6, ó rin mítà 1,372. Ó lé ní kìlómítà kan! Wọ́n sì ti jẹ́ kí àwọn awakọ̀ náà mọ ọkọ̀ yẹn dáadáa kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti wọ àwọn òyìnbó lára débi pé láti 2026, Euro NCAP, àwọn tó ń dán ààbò ọkọ̀ wò nílẹ̀ Yúróòpù, ò fẹ́ fún ọkọ̀ ní máàkì tó pé mọ́ bí kò bá ní bọ́tìnì tàbí ọ̀pá gidi fún tráfíkétọ̀, hásàdì (iná ọ̀tún àti òsì tó ń ṣẹ́jú pọ̀), wáípà, fèrè àti ìpè pàjáwìrì. Wọ́n ti ń padà sídìí bọ́tìnì. Àwa tí bọ́tìnì wà lára ọkọ̀ wa tẹ́lẹ̀, a ń sanwó fún ẹni tó máa bá wa tú u dànù. Ta ló ṣe wá báyìí?

Bọ́tìnì tí à ń yí, ọwọ́ máa ń mọ̀ ọ́n ni. Bí obìnrin ṣe ń na ọwọ́ mú iyọ̀ nínú ilé ìdáná rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ ṣe ń dín ohùn rédíò kù láìgbójú kúrò lọ́nà. Ojú gíláàsì tó tẹ́ pẹrẹsẹ kò ní ibi tí ìka lè dì mú, àfi kí ẹ wò ó. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ yìí sì ní bọ́tìnì ohùn lára sítíárìn, lábẹ́ àtàǹpàkò gan-an. Nígbà tí wọ́n ń de ẹ̀rọ tuntun, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò so wáyà ìyẹn. Wọ́n á ní kò pọn dandan.

Ẹ wá wo òjò. Èémí èrò á bo gíláàsì iwájú bàìbàì. Dẹ́rẹ́bà á fa àkísà kan yọ, àkísà tó fi ń nu ọwọ́ onípẹtiróòlù, á na ara rẹ̀ lé sítíárìn, á máa nu gíláàsì, eré ò dín. Bọ́tìnì kan wà níwájú rẹ̀ tó ní àwòrán gíláàsì àti ọfà mẹ́ta tó ń lọ sókè! Kó tẹ̀ ẹ́, kó tan ẹ́sì, ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ tutù, pẹ̀lú rẹ̀, kó pa èyí tó ń yí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ po, gíláàsì á mọ́ láìpẹ́, nítorí ẹ́sì a máa fa omi inú afẹ́fẹ́. Bó bá jẹ́ ìta gíláàsì ni ìrì wà, wáípà ló ń nu ìyẹn. Ó mọ ibi tí fíìmù ogójì wà nínú ẹ̀rọ, kò mọ bọ́tìnì tó máa jẹ́ kó ríran.

Ariwo náà ńkọ́? Wọ́n á gbé báàsì, ẹ̀rọ tó ń mú ohùn orin dún kíkankíkan, sẹ́yìn, gbogbo ara ọkọ̀ á máa gbọ̀n. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn fun fèrè títí, kò gbọ́. Táyà ń pariwo, kò gbọ́. Ọmọ ọwọ́ ń ké lẹ́yìn, ìyá rẹ̀ ní "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dín in kù," kò gbọ́, tàbí ó gbọ́ ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù lójú tèmi nìyí: àwọn iná tó yẹ kó wò, kì í wò wọ́n. Iná pupa oníkòkò ọ́ìlì ń tàn, ó ní ó ti wà bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Bí iná yẹn bá tàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ó ní ọ́ìlì ò ní agbára tó fi ń ṣàn káàkiri ẹ́ńjìnnì mọ́ ni, kí wọ́n páàkì kí wọ́n pa á kíá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì á kú sójú ọ̀nà, sínú igbó tí kò sí ẹni tó fẹ́ dúró sí lálẹ́. Mo ti rí dẹ́rẹ́bà tó fi téèpù dúdú lẹ iná bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo bi í léèrè, ó ní ó ń tàn sí òun lójú. Iná ń kígbe fún ọ pé ọkọ̀ rẹ ń kú lọ, o fi téèpù bò ó lẹ́nu, o wá tan èyí tó tóbi ju orí rẹ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti wo fíìmù! Iná búlúù kékeré tó ń sọ pé fúlù, iná iwájú tó mọ́lẹ̀ jù, ń tàn, kò rí ìyẹn náà, ó ń fi fọ́ àwọn ẹlòmíì lójú láti Ìyàrà títí dé Kàbà.

Hásàdì ni ti ìkórìíta. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ tààrà, wọ́n á tan hásàdì. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, iná kan ṣoṣo ló rí, ó gbà pé ẹ fẹ́ yà sọ́dọ̀ òun, ó wọlé, ó di ìjà. Ẹni tó ń lọ tààrà kò ní kó tan nǹkan kan. Nínú òjò náà, bí hásàdì bá ti ń ṣẹ́jú, kò sí ẹni tó máa mọ̀ bí ẹ bá fẹ́ yà. Iná tó wà fún ọkọ̀ tó dúró tàbí tó wà nínú ewu ni.

Àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà ńkọ́? Wọ́n á bèèrè ìwé ọkọ̀, wọ́n á bèèrè ẹ̀rọ panápaná, wọ́n á bèèrè táyà àfikún. Fíìmù ń lọ lọ́wọ́ níwájú wọn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń tàn sí wọn lára, wọ́n á ní, "Ó dáa, ẹ máa lọ." Fóònù lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà, ẹ̀ṣẹ̀ ni, a dúpẹ́. Fóònù tó tóbi ju ìyẹn lọ tí wọ́n kàn mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀? Àwọn alága gáréèjì wa ńkọ́, tí wọ́n ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ọkọ̀ kó tó jáde? Ẹ̀yin lẹ mọ ọmọ yín. Ọkọ̀ tí fíìmù bá ń hàn lójú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó gbé èrò.

Ẹ̀yin dẹ́rẹ́bà, mi ò ní kẹ́ ẹ má gbọ́ orin. Ẹ yan orin yín ní gáréèjì kí èrò tó pé. Ẹ tún dígí ṣe, ẹ to ẹ́sì, ẹ wá Grace FM bó bá jẹ́ òun lẹ fẹ́, kí ẹ tó tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Bó bá di dandan kí nǹkan yí padà lójú ọ̀nà, ẹ bẹ ẹni tó jókòó níwájú kó bá yín yí i, tàbí kí ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Àwa èrò, ká tó sanwó, ká yọjú wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Bó bá kọ̀ láti pa fíìmù, ká sọ̀ kalẹ̀, kó máa dá lọ.

Ẹ̀yin ríwáyà ní Kàbà àti Lọ́kọ́jà, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ẹ tú u kúrò lára irin, ẹ so ó mọ́ hándíbíréèkì. Iṣẹ́ rẹ̀ ò pẹ́. Bí oníbàárà bá bínú, ẹ ní kó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ.