Irọ́ ni pé tí àjálù bá dé, kálukú á máa du orí ara ẹ̀

Gbogbo wa la mọ òwe yẹn, pé bí iná bá ń jóni tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Òun làwọn èèyàn máa ń fi gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé ìfẹ́ ò ju ìgbà tára bá dẹ̀ lọ, pé ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo báyìí, kí omi ya wọ̀lú, ẹ máa rí i bí ọkọ á ṣe fi ìyàwó sílẹ̀ sá lọ, tí aládùúgbò á máa jálẹ̀kùn aládùúgbò, tí gbogbo ayé á ya ẹhànnà. Fíìmù ń sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń wàásù ẹ̀, àwọn tó ń darí ìlú pàápàá gbà bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ yẹn gan-an sì ni ewu ẹ̀ wà. Mo fẹ́ sọ ọ́ ketekete pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé mo kàn fẹ́ ká máa ro rere síra wa o. Láti bí ọdún 1950 làwọn onímọ̀ ti ń lọ síbi tí àjálù ti ṣẹlẹ̀, wọ́n ń jókòó ti àwọn tó yè bọ́, wọ́n ń bi wọ́n pé kí lẹ kọ́kọ́ ṣe, ta lẹ kọ́kọ́ wá. Enrico Quarantelli, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ibùdó ìwádìí àjálù sílẹ̀ ní yunifásítì Ohio State ní 1963, orí ìjáyà gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀, ibi tí èrò ti ń sá bíi wèrè ló ń wá, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n kó tó rí ọ̀kan. Ohun tó ń rí ni àwọn tí ò tiẹ̀ tètè sá. Wọ́n ń pe ara wọn lórí fóònù, wọ́n ń lọ wo màmá tó wà lókè, wọ́n ń dúró de ẹni tí ò tíì dé. Ìṣòro tó ń dààmú àwọn tó ń kìlọ̀ fáráàlú nìyẹn, báwọn èèyàn á ṣe gbéra.

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, New Orleans, ìlú kan lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló máa kọ́kọ́ dárúkọ. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀. Ìjì Katrina jà lọ́jọ́ 29 oṣù kẹjọ 2005, odi tí wọ́n fi dínà omi ya, èyí tó pọ̀ jù nínú ìlú náà wà lábẹ́ omi, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì sá wọ pápá ìṣeré ńlá tí wọ́n ń pè ní Superdome. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi gba ayé kan pé wọ́n ń pa ara wọn níbẹ̀, wọ́n ń fipá bá ọmọdé lò, olórí ìlú àti ọ̀gá ọlọ́pàá pàápàá bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n wọ́n sì tún un sọ. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ kó òkú, ọkọ̀ ńlá tó ní fíríìjì ni wọ́n gbé dé, torí ohun tí wọ́n ti gbọ́ ni pé òkú á tó 200. Òkú 6 ni wọ́n bá. Àìsàn ló pa 4 nínú wọn, ọ̀kan lo oògùn olóró jù, ọ̀kan para ẹ̀. Nínú gbogbo èrò tó há mọ́ inú ooru àti òórùn yẹn, tí ò sómi tí ò síná, wọn ò rí ẹyọ kan tí wọ́n lè sọ pé ẹnì kan ló pa á.

Àmọ́ kí òótọ́ tó dé, irọ́ ti ṣiṣẹ́ ẹ̀ tán. Olórí ìlú ní káwọn ọlọ́pàá fi iṣẹ́ yíyọ èèyàn nínú omi sílẹ̀, kí wọ́n lọ máa lé olè. Ẹ tún un kà o, èèyàn wà lórí òrùlé tó ń ju aṣọ pé ẹ gbà wá, wọ́n wá ní káwọn tó lè gbà wọ́n lọ máa ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Gómìnà náà bọ́ síta, ó ní àwọn sójà tó ń bọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń yìnbọn pààyàn, òun sì retí pé wọ́n á ṣe é. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn lu àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn kọjá lórí afárá Danziger, èèyàn 2 kú, 4 fara gbọgbẹ́, kò sì sẹ́ni tó mú nǹkan ìjà lọ́wọ́ nínú wọn. Lásìkò yẹn kan náà, àwọn tí ò gba owó oṣù kankan ń fa ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń pẹja wá láti ìlú míì, wọ́n ń gbé àwọn tí wọn ò mọ̀ rí kúrò lórí òrùlé. Nínú àwọn méjèèjì, ta ló ya ẹhànnà?

Mi ò sọ pé kò sólè o. Wọ́n jalè ní New Orleans, ìyẹn ò ṣeé jiyàn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń pè ní olè, omi mímu àti oúnjẹ ọmọ ni wọ́n lọ gbé nínú ṣọ́ọ̀bù tí ò sẹ́ni tó lè tajà níbẹ̀, ẹni tébi ń pa ọmọ ẹ̀ ò ní dúró de kaṣíà. Ẹlòmíì á tún bi mí pé 2020 ńkọ́, nígbà àrùn kòrónà, tí wọ́n ń ja tíṣù lórí ṣelífù. Ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa. Tí gbogbo ilé bá mú ẹyọ kan péré lé èyí tí wọ́n máa ń rà, ṣelífù á ṣófo kílẹ̀ tó ṣú, kò sì ní sí ẹni burúkú kan nínú wọn. Àwòrán ṣelífù tó ṣófo ló gba ojú fóònù wa. Oṣù kẹta ọdún yẹn náà nìjọba Bìrìtìkó ń wá àwọn 250,000 tó máa yọ̀ǹda ara wọn láti ran àwọn aláìlera lọ́wọ́, láàárín ọjọ́ mélòó kan àwọn 750,000 ló forúkọ sílẹ̀, àmọ́ ta ló rántí ìyẹn?

Èyí tó le jù tí mo mọ̀ ṣẹlẹ̀ ní Japan. Ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án 1923, ilẹ̀ mì ní Tokyo àti Yokohama, iná ràn, èèyàn tó ju 100,000 lọ ló kú. Ni irọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn pé àwọn ará Korea ti bu májèlé sínú kànga, pé wọ́n ń dáná sun ilé. Wọn ò bu nǹkan kan sínú kànga kankan. Àmọ́ àwọn kan mú idà àti ọ̀kọ̀, wọ́n ń dá èèyàn dúró lójú ọ̀nà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Korea ni wọ́n pa, ọlọ́pàá àti sójà sì lọ́wọ́ sí i. Àwọn tó pààyàn yẹn, tí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní àwọn ń dáàbò bo ìyàwó àtọmọ àwọn ni. Torí náà tí mo bá rí àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lónìí pé omíyalé ti dé o, àwọn ẹ̀yà báyìí ti ń jalè o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ránṣẹ́ sáwọn èèyàn yín, àyà mi máa ń já. Ta ló rí wọn? Níbo? Ṣé ìwọ tó fi ránṣẹ́ yìí rí wọn fúnra ẹ?

Kobe, ìlú míì ní Japan tí ilẹ̀ ti mì, ni kẹ́ ẹ bá mi dé báyìí. Ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1995, aago 5:46 ìdájí, òtútù mú, ọ̀pọ̀ ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tílé wó lù wọ́n. Ju 6,000 èèyàn ló kú. Àwọn tó kọ́kọ́ dé ìdí àlàpà kì í ṣe panápaná, aládùúgbò ni, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi sùn lọ́rùn wọn, wọ́n ń fọwọ́ walẹ̀, wọ́n ń fi jáàkì tí wọ́n fi ń gbé mọ́tò gbé òpó ilé, ọwọ́ ará ilé àti aládùúgbò ló sì yọ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó jáde láàyè. Ní Hokudan, ìlú kékeré kan lórí erékùṣù Awaji níbi tí ilẹ̀ ti kọ́kọ́ mì, àwọn ará àdúgbò mọ yàrá tí bàbá àgbà ilé kọ̀ọ̀kan ń sùn sí, torí náà wọn ò walẹ̀ káàkiri, orí ibi tó sùn gan-an ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, ìfẹ́ nìyẹn, kó o mọ ibi tí ẹni tí kì í ṣe ẹbí ẹ ń gbórí lé lóru.

Ní Mexico City náà, nígbà tí ilẹ̀ mì lọ́jọ́ 19 oṣù kẹsàn-án 1985, àwọn ọ̀dọ́ tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ní iṣẹ́ náà ló ń rá wọ abẹ́ kọnkéré láti fa èèyàn jáde. Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ dòní ni Topos, ìyẹn ẹranko tó ń gbẹ́ ihò nínú ilẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ tún mì níbẹ̀ lọ́dún 2017, ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án yẹn náà ló tún bọ́ sí, ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe: tí ẹnì kan bá na ẹ̀ṣẹ́ sókè, gbogbo ẹni tó rí i á na tiẹ̀ náà, ẹni tó ń gbé garawa á dúró, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á panu mọ́, kí wọ́n lè gbọ́ bóyá ẹnì kan ń kígbe lábẹ́ ilẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn lójú títì kan, tí ò mọ ara wọn, tí kò sí ọ̀gá tó pàṣẹ.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká padà sórí òwe wa. Ní etíkun Sanriku ní Japan, níbi tí sùnámì, ìyẹn ìgbì òkun ńlá tó ń ya wọ̀lú, ti ń jà láti ayébáyé, ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n ń kọ́ ọmọ, tendenko, tó túmọ̀ sí pé tí omi bá ń bọ̀, kí kálukú sá lọ sórí òkè lóun nìkan, kó má wojú bàbá, kó má wá ìyá. Ó jọ tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n, àbí? Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń kọ́ọ̀yàn? Ohun tó bá jẹ́ ìwà àbínibí èèyàn, a kì í kọ́ ọ ní ilé ìwé. Wọ́n ń kọ́ wọn torí pé àwọn èèyàn ò lè ṣe é ni. Nígbà tí sùnámì 1896 pa nǹkan bí 22,000 èèyàn níbẹ̀, odindi ìdílé ló ń parẹ́ torí pé ọmọ padà lọ gbé ìyá, bàbá padà lọ wá ọmọ. Ìfẹ́ ló ń pa wọ́n. Ẹ̀kọ́ náà sì jinlẹ̀ gan-an, torí ọmọ ò lè sá láìwẹ̀yìn àfi tó bá dá a lójú pé ìyá òun náà ti ń sá níbi tó wà, ó ní láti jẹ́ pé wọ́n ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ nílé, kí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ara wọn. Nígbà tí sùnámì tún dé lọ́jọ́ 11 oṣù kẹta 2011, nílùú Kamaishi ní etíkun yẹn, nǹkan bí 3,000 ọmọ ilé ìwé ló tipa bẹ́ẹ̀ yè. Àwọn tó ti bàlágà nínú wọn tún di ọwọ́ àwọn ọmọ kéékèèké mú bí wọ́n ṣe ń sá gun òkè, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kí kálukú dá sá lọ ni wọ́n kọ́ wọn.

Èrò pé aráàlú á ya wèrè yìí ló ń jẹ́ káwọn aláṣẹ máa fi nǹkan pa mọ́ fún wa. Ní L'Aquila lórílẹ̀-èdè Ítálì, ilẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ẹ̀rù ń ba àwọn èèyàn, òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá bọ́ síta ní ìparí oṣù kẹta 2009, ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, kò séwu. Ó ti pẹ́ tó ti jẹ́ àṣà wọn níbẹ̀ pé tí ilẹ̀ bá ti mì lóru wọ́n á bọ́ síta, wọ́n á sun ìta. Lọ́jọ́ 6 oṣù kẹrin, àwọn míì gbọ́ràn, wọ́n dúró sílé. Ju 300 èèyàn ló kú. Wọ́n sọ fún wọn pé kí wọ́n má jáyà, ẹ̀rù tí wọ́n sì ní kí wọ́n má bà yẹn gan-an ni ì bá gbà wọ́n. Tẹ́ ẹ bá sọ òótọ́ fáwọn èèyàn, wọ́n á ṣe ohun tó yẹ, wọn ò ní máa bẹ́ gba ojú fèrèsé.

Èyí tó wá ń dùn mí jù ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí kámẹ́rà bá ti lọ, torí ìgbà yẹn gan-an ni ìfẹ́ máa ń ti dáwọ́ dúró, kì í ṣe torí pé èèyàn burú, bá a ṣe ń ṣètò ìrànwọ́ ló ń pa á. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí níní aládùúgbò lè ṣe: ní oṣù keje 1995, ooru tó mú ní Chicago lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà pa èèyàn tó ju 700 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn àgbàlagbà tó ń dá gbé. Àdúgbò méjì tó fara kanra wà níbẹ̀, North Lawndale àti South Lawndale, òṣì wà ní méjèèjì, àgbàlagbà tó ń dá gbé wà ní méjèèjì, àmọ́ bí wọ́n ṣe kú ní North Lawndale ju ti ìkejì lọ ní ìlọ́po 10. Ní South Lawndale, èrò máa ń wà lójú títì, ṣọ́ọ̀bù wà ní ṣíṣí, ìyá àgbà lè jáde láìbẹ̀rù, wọ́n á sì mọ̀ tí kò bá jáde. Òdìkejì ti dahoro, iṣẹ́ ti kúrò níbẹ̀, ẹni tó wà nílé ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Kobe náà jìyà èyí. Lẹ́yìn tí aládùúgbò ti fọwọ́ yọ aládùúgbò lábẹ́ àlàpà, ìjọba wá ṣẹ́ kèké kí wọ́n tó fún wọn ní ilé onígbà díẹ̀, wọ́n fi àwọn àgbàlagbà ṣáájú, ó jọ oore lójú, àmọ́ ó tú wọn ká sáàárín àwọn tí wọn ò mọ̀, ju 200 èèyàn ló sì dá kú sínú àwọn ilé yẹn láìsẹ́ni lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní Niigata lọ́dún 2004, wọn ò tún ṣẹ́ kèké mọ́ fáwọn ará abúlé Yamakoshi, agbo ilé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kó pa pọ̀ síbi tuntun, ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀ ló tún ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ. Tí wọ́n bá ti ń pín ilé fáwọn tí omi tàbí iná lé jáde, níbikíbi tó bá jẹ́, ìbéèrè tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa bi àwọn aláṣẹ nìyẹn, pé ta ni aládùúgbò wọn tẹ́lẹ̀, ibo lẹ sì kó o lọ?